Irin Ìgbáralé fún Yíyí Ọpọ́n Oníkùn Jíjìn: Yíyàn Rẹ̀, Rírọ Rẹ̀ àti Ọ̀rọ̀ Ìperí Rẹ̀ ní Àyíká Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé irin tí oníṣẹ́-igi máa ń gbé irinṣẹ́ lé nígbà tó bá ń fi ẹ̀rọ yí ọpọ́n tí ikùn rẹ̀ jìn. Irin ìgbáralé ni a pè é. A fi hàn pé irin yìí ló gba iṣẹ́ tí ọwọ́, itan àti ẹsẹ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà ń ṣe láyé àtijọ́, àti pé bí ó bá ṣe jìnnà sí ẹnu irinṣẹ́ tó ni ewu ṣe ń pọ̀ tó. A ṣàlàyé bí a ṣe lè yàn án àti bí a ṣe lè rọ ọ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́-irin àyíká Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, lẹ́yìn náà a dábàá ọ̀rọ̀ ìperí tí a lè fi kọ́ ọmọṣẹ́ ní èdè Yorùbá.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìṣòro ẹni tó ń yí ọpọ́n jíjìn kò yàtọ̀ sí èyí. Ó lágbára, ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ihò tó fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kò gba ọwọ́ rẹ̀. Irinṣẹ́ gígùn nìkan ló lè wọlé, irinṣẹ́ gígùn kò sì ṣeé dì mú lásán nígbà tí igi bá ń yí kíkankíkan. Ó gbọ́dọ̀ gbára lé nǹkan kan.

Àyíká tí a fi ṣe àpẹẹrẹ jẹ́ ibi tí irin àti igi ti pàdé tipẹ́. Ní 1921 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èbúté omi jíjìn Àpápá. Èbúté Tin Can Island sì tẹ̀lé e ní 1977. Ajégúnlẹ̀, tó múlé gbe Àpápá, tó sì wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, ń jẹ́ orúkọ tó bá èbúté mu: ajé ti gúnlẹ̀ síbẹ̀, bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń gúnlẹ̀. Níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù bá pọ̀ sí bí ti Àpápá, wẹ́dà, mẹkáníìkì àti àwọn tó ń ta irin àlòkù kò ní jìnnà. Ẹni tó bá fẹ́ irin ìgbáralé tí kò sí lọ́jà lè bẹ wẹ́dà tó ń ṣe gẹ́ètì kó bá òun ṣe é. Ìbéèrè tó kù ni èyí: kí ni yóò sọ fún wẹ́dà náà, èdè wo ni yóò sì fi sọ ọ́?

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ìyígi, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní lathe, sábà máa ń ṣe fún àwọn káfíńtà Èkó ni ẹsẹ̀ tábìlì, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì àti òpó àtẹ̀gùn. Ìta igi nìkan ni irinṣẹ́ ń kàn nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, irin ìgbáralé tó gún gbọọrọ, tó bá ẹ̀rọ wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, sì tó o ṣe. Ọpọ́n ló ń fi àìtó irin náà hàn.

Ìgbáralé nínú iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà

Nínú iṣẹ́ ọnà igi Yorùbá, igi ló ń dúró, irinṣẹ́ ló ń rìn. Gbẹ́nàgbẹ́nà á jókòó, á fi ẹsẹ̀ tàbí itan ti igi, á fi ọwọ́ òsì dì í mú, á sì máa fi ọwọ́ ọ̀tún sọ àáké kékeré tí ojú rẹ̀ dábùú èèkù sí i lára. Nígbà tó bá kan ọ̀bẹ, àtàǹpàkò á ti ẹ̀yìn ọ̀bẹ, ìka tó kù á sì wà lára igi. Ara gbẹ́nàgbẹ́nà fúnra rẹ̀ ni ìgbáralé.

Kevin Carroll, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì tó bá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947, ṣàkọsílẹ̀ ìpele mẹ́rin tí wọ́n ń tẹ̀ lé: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti lo ìpele wọ̀nyí láti fi ṣàlàyé bí ère ṣe ń jáde láti inú ìtì igi. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tó kan ọ̀rọ̀ wa. Ní ìpele ọnà lílé, èjìká ni agbára àáké ti ń wá, ibi tí apá fẹ̀yìn tì sì jìnnà sí ẹnu àáké. Ní ìpele fínfín, kò ju ìwọ̀n ìka kan lọ láàárín àtàǹpàkò àti ẹnu ọ̀bẹ. Bí iṣẹ́ ṣe ń wẹ́ sí i ni ìgbáralé ń sún mọ́ ẹnu irinṣẹ́. Òfin tí a ó tẹ̀ lé títí dé ìparí iṣẹ́ yìí nìyẹn, àwọn baba wa sì ti ń pa á mọ́ kí ẹ̀rọ tó dé.

Ẹ̀rí bí òfin náà ṣe lè gbẹ́ni dé ibi tó ṣòro wà lára ọpọ́n ọlọ́mọrí kan tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ (nǹkan bí 1873 sí 1938) gbẹ́, tó wà báyìí ní Smithsonian National Museum of African Art ní Washington. Láàárín àwọn ère tó gbé ọpọ́n náà rù, orí ènìyàn kan wà tó ń yí sọ́tùn-ún sósì, ṣùgbọ́n tí kò lè jáde. Inú igi kan náà ni a ti gbẹ́ ẹ, láàárín àlàfo tí ọwọ́ kò lè wọ̀ tán. Ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ní láti ro ibi tí ọ̀bẹ yóò gbára lé kó tó ro ibi tí yóò gé.

Ohun tí ẹ̀rọ yí padà

Ẹ̀rọ ìyígi yí ètò yìí po: igi ló ń rìn, irinṣẹ́ ló ń dúró. Ọgbọ́n náà ti pẹ́ láyé. Àwòrán rẹ̀ kan wà lára ògiri ibojì Petosiris ní Íjíbítì, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Jésù. Nígbà tó di nǹkan bí 1797 sí 1800, Henry Maudslay ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù gbé ẹ̀rọ ìyí-irin kan jáde, tí ohun èlò fúnra rẹ̀ ń di irinṣẹ́ mú, tó sì ń sún un lórí ojú irin. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ ti kúrò lára irinṣẹ́ nínú iṣẹ́ irin. Nínú yíyí ọpọ́n igi, ọwọ́ kò kúrò. Oníṣẹ́ ṣì ń di èèkù mú fúnra rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó sì wà láàárín agbára ẹ̀rọ àti egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ni irin ìgbáralé.

Irin yìí ní ẹ̀yà méjì. Òpó ni èyí tó nàró, tó wọ inú ihò ìdìmú tó ń rìn lórí ara ẹ̀rọ. Apá ni èyí tó dábùú sórí òpó, tí irinṣẹ́ ń sùn lé.

Ìdí tí ọpọ́n jíjìn fi léwu

Ẹ jẹ́ kí a pe gígùn tó wà láti orí apá dé ẹnu irinṣẹ́ ní ìyọsíwájú. Gbogbo ẹni tó bá ti fi igi gígùn gbé òkúta rí mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ìyọsíwájú bá gùn. Ká ní irinṣẹ́ kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ọwọ́ wà ní ìparí èèkù rẹ̀, igi sì tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára tó dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo kílò 11. Bí ìyọsíwájú bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, sẹ̀ǹtímítà 55 ló kù lẹ́yìn. Agbára kílò 1 péré ni ọwọ́ nílò láti dì í mú. Bí ìyọsíwájú bá di 20, ọwọ́ á nílò kílò 5 àti ààbọ̀. Bó bá di 30, kílò 11 gan-an ni, ọwọ́ àti igi sì di ojúgbà. Nínú ìjàkadì bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kì í rẹ̀, ọwọ́ ní í rẹ̀.

Títẹ̀ irinṣẹ́ tún burú ju èyí lọ. Bí ìyọsíwájú bá di ìlọ́po méjì, irin náà á tẹ̀ tó ìlọ́po 8 lábẹ́ agbára kan náà. Bó bá di ìlọ́po mẹ́rin, á tẹ̀ tó ìlọ́po 64. Irin tó ń tẹ̀ tó sì ń padà ń gbọ̀n, ìgbọ̀n náà sì ń fi ìlà wúruwùru sí ikùn ọpọ́n. Bó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, igi á hán irinṣẹ́ gbà: ẹnu rẹ̀ á wọ inú igi lójijì, èèkù á fò sókè, ọpọ́n á sì là tàbí kó já kúrò lára ẹ̀rọ.

Igi ilẹ̀ wa fi kún ewu yìí. Ìrókò dára fún ọpọ́n, ṣùgbọ́n òkúta funfun kan máa ń sá pamọ́ sínú rẹ̀, tí oníṣẹ́ kò ní rí títí irinṣẹ́ yóò fi kàn án. Àpá le, èérún rẹ̀ sì ń ta irinṣẹ́ padà. Ẹni tí ìyọsíwájú irinṣẹ́ rẹ̀ kúrú á kàn gbọ́ ariwo òkúta náà ni. Ẹni tí tirẹ̀ gùn lè fi ìka san gbèsè.

Ìdí nìyí tí irin gbọọrọ kò fi tó fún ọpọ́n jíjìn. Kò lè kọjá etí ọpọ́n. Bí ikùn bá jìn ní sẹ̀ǹtímítà 15, tí irin sì dúró lẹ́nu ọpọ́n, ìyọsíwájú kò lè dín ní 15 nígbà tí irinṣẹ́ bá dé ìsàlẹ̀. Ojútùú rẹ̀ ni kí apá irin ìgbáralé fúnra rẹ̀ wọ inú ọpọ́n.

Yíyàn irin ìgbáralé

Ìrísí mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èkíní tẹ̀ bí oṣù lé. Apá rẹ̀ ń tẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ inú ọpọ́n tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Èkejì rí bí lẹ́tà S. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ wà fún inú, ìkejì wà fún ìta. Ẹ̀kẹta rí bí ìkọ́ tí a fi ń já èso; ó dára fún ọpọ́n tí ikùn rẹ̀ jìn ju bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́rọ́ tó ju ti ikùn ọpọ́n lọ díẹ̀ ni kí a yàn, kí apá lè wọlé kí àlàfo sì kù. Oníṣẹ́ tó bá gé páálí ní ìrísí tó fẹ́, tó sì kọ́kọ́ tì í bọ inú ọpọ́n, kò ní ná owó rẹ̀ dànù.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Bí apá bá ṣe wọnú ọpọ́n tó ni ìyọsíwájú irinṣẹ́ ṣe ń kúrú tó, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni apá fúnra rẹ̀ ń jìnnà sí òpó tó gbé e dúró. Ìyọsíwájú tí a mú kúrò lára irinṣẹ́ kò parẹ́; ara irin ìgbáralé ló ṣí lọ. Bí apá bá tín-ín-rín, á máa gbọ̀n bí ẹ̀ka igi tí ẹyẹ bà lé, gbogbo wàhálà tí a sá fún á sì tún padà. Oore tó wà níbẹ̀ ni pé apá lè nípọn ju irinṣẹ́ lọ. Bí ìnípọn irin róbótó bá di ìlọ́po méjì, líle rẹ̀ sí títẹ̀ á di ìlọ́po 16. Nítorí náà, kí apá tó ń wọnú ọpọ́n jíjìn má tín-ín-rín ju mìlímítà 20 lọ, kí 25 sì wà fún ọpọ́n ńlá.

Yorùbá ní igi tí a fẹ̀yìn tì tí kò gbani dúró, bó wó luni kò lè pani. Ní ti irin ìgbáralé, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: èyí tí kò bá gbani dúró lè ṣeni léṣe gan-an, nítorí pé agbára ẹ̀rọ ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Gíga náà ṣe pàtàkì, ó sì yàtọ̀ láàárín irinṣẹ́ tó ń gé àti èyí tó ń ha. A ya èdè wọ̀nyí lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ igbá, tí wọ́n ń ha inú igbá kí wọ́n tó fín ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí a bá ń ha inú ọpọ́n, kí ẹnu irinṣẹ́ ga díẹ̀ ju ìlà àárín lọ, kí èèkù sì ga ju ẹnu lọ. Níbi tí irinṣẹ́ ń kan igi, igi ń lọ sísàlẹ̀. Bí ó bá fa ẹnu irinṣẹ́ tó wà lókè ìlà àárín, ìsàlẹ̀ níbi tí ikùn ti fẹ̀ ni yóò fà á lọ, irinṣẹ́ á sì bọ́ sínú òfìfo. Bí ẹnu irinṣẹ́ bá wà nísàlẹ̀ ìlà yìí, inú igi gan-an ni yóò fà á wọ̀. Ní ìta ọpọ́n, ìdàkejì ni: ìlà àárín tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ ló láàbò. Òpó gbọ́dọ̀ gùn tó láti gba gíga méjèèjì.

Rírọ irin ìgbáralé ní Ajégúnlẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ kí wẹ́dà ṣe irin yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn ihò ìdìmú ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan ń lo òpó mìlímítà 25, àwọn mìíràn ń lo íǹṣì kan, èyí tó jẹ́ mìlímítà 25.4. Òpó íǹṣì kan kò ní wọ ihò mìlímítà 25. Òpó mìlímítà 25 á sì máa mì díẹ̀ nínú ihò íǹṣì kan. Níbi tí ẹ̀rọ ti ń wá láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ bí ti Èkó, ojú nìkan kò tó láti fi wọ̀n ọ́n.

Irin róbótó tó dán ni kí a lò fún apá. Irin kọnkéré kò dára, nítorí ara rẹ̀ ṣe gbágungbàgun. Páìpù tí wọ́n fi síǹkì bò kò dára rárá: èéfín síǹkì máa ń ṣe wẹ́dà ní àìsàn, ihò inú páìpù sì ń dín líle rẹ̀ kù. Irin tó nípọn tó mìlímítà 20 kì í tẹ̀ dáadáa ní tútù. Kí alágbẹ̀dẹ fi iná èédú gbóná rẹ̀ títí yóò fi pọ́n, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ yí páìpù ńlá ká. Lẹ́yìn èyí ni wẹ́dà yóò jó apá mọ́ òpó, tí yóò sì fi irin onígun mẹ́ta ti abẹ́ oríkèé wọn. Kò gbọdọ̀ da omi sí ojú jíjó náà nígbà tó bá ṣì gbóná. Kó fi sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀, kí oríkèé má baà sán.

Orí apá ni irinṣẹ́ ń rìn. Bí irin orí rẹ̀ bá rọ̀, irinṣẹ́ á gé e ní ẹ̀gé kéékèèké. Nígbàkígbà tí irinṣẹ́ bá sì dé ẹ̀gé kan, á ta gìrì, àmì rẹ̀ á sì hàn lára ọpọ́n. Kí wẹ́dà jó ọ̀pá irin líle tó tó mìlímítà 8 sí 10 mọ́ orí apá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní àmì kéékèèké lábẹ́, kí ooru má baà ba líle rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà kí oníṣẹ́ fi fáìlì àti sáńpépà dán an, kó sì fi àbẹ́là pa á lára.

Kí a tó lò ó fún ọpọ́n, kí a dì í mọ́ ẹ̀rọ, kí a fi ọwọ́ tẹ ìparí apá rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára. Bí ojú bá rí i pé ó tẹ̀, kò tíì tó. Bí ó bá dúró, kí a fi ọwọ́ yí ọpọ́n ká lẹ́ẹ̀kan kí a tó tan ẹ̀rọ, kó dá wa lójú pé kò kan irin níbikíbi. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí a bá fẹ́ sún irin ìgbáralé, kí a kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ. Ọpọ́n tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 kò yẹ kó yí ju nǹkan bí ìgbà 500 sí 750 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Kí ìbòjú má sì kúrò lójú, kí ìbomú má kúrò nímú, pàápàá fún ìrókò, tí eruku rẹ̀ ń yọ awọ ara àti ẹ̀dọ̀fóró lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ ìperí

Ajégúnlẹ̀ jẹ́ àpapọ̀ ẹ̀yà: Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ, Ùròbò àti àwọn mìíràn. Gẹ̀ẹ́sì àti pijin ló sábà ń so wọ́n pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àdánù tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọṣẹ́ tó ń ronú ní Yorùbá máa ń gba orúkọ ohun èlò láìgba ìdí tó fi wà. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì irin yìí ń sọ̀rọ̀ ìsinmi, irin náà kì í sì í sinmi níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Ẹrù ló ń gbé.

A yan ìgbáralé nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú rẹ̀, gbára lé, ń béèrè ìbéèrè tó yẹ kí ọmọṣẹ́ béèrè: ta ló gbára lé ta, ẹni tí a gbára lé ha tó bẹ́ẹ̀? Òpó àti apá kò nílò àlàyé. Ìyọsíwájú ń júwe ohun tí ojú rí. Gé àti ha ti wà lẹ́nu oníṣẹ́ igbá. Ìpele mẹ́rin tí Carroll kọ sílẹ̀ náà ṣì wúlò: a lè pe gígé ìta ọpọ́n ní ọnà lílé, gbígbẹ́ ikùn rẹ̀ ní àlétúnlé, híha rẹ̀ ní dídán, kí fínfín sì wà fún ọnà tí a bá fi ọ̀bẹ ṣe sí etí rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́.

Ìgúnlẹ̀

Ohun tí ìwádìí yìí fi hàn kò ta ko ìmọ̀ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà. Ó ń tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀ ni. Wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ tó wẹ́ ń fẹ́ ìgbáralé tó sún mọ́ ẹnu irinṣẹ́, ara wọn ni wọ́n sì fi ṣe é. Ẹ̀rọ kò jẹ́ kí a fi ara ṣe é mọ́, nítorí náà a ní láti fi irin tó le tó rọ́pò ara. Ẹni tó bá mú páálí rẹ̀, ìwọ̀n ihò ẹ̀rọ rẹ̀ àti àlàyé yìí lọ bá wẹ́dà ní Ajégúnlẹ̀ lè bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ ohun tó ń fẹ́. Bó bá sì fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọṣẹ́ tó dúró tì í, ọmọ náà yóò mọ ìdí tí irin náà fi nípọn, yóò sì lè rọ òmíràn lọ́jọ́ tí èyí bá gbó.